Ọ̀rọ̀ Tó Wà Lẹ́yìn Táìsì

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Salmah fojú kan Sàhéèdì, orí ìkúnlẹ̀ ló bá a ní kọ́rídọ̀ ilé-ìwé tó ti ń ṣe tíṣà ní Mowe, ó ń fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sẹ́yìn táìsì. Àsìkò họlidé gígùn ni. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí òun onítáìsì àti sìmẹ́ǹtì rẹ̀. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó yára da táìsì náà délẹ̀, ó fi hámà onírọ́bà lù ú mọ́lẹ̀ pá, pá, bí ẹni tó ń sin ohun tó jí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Salmah wí. "Kí lẹ kọ síbẹ̀ yẹn?"

"Kò sí nǹkan kan, Auntie. Ìwọ̀n ni mo kọ."

"Ìwọ̀n kẹ̀? Èmi ò rí nọ́ńbà kankan. Ọ̀rọ̀ ni mo rí."

Ọkùnrin gàgàrà, tí sìmẹ́ǹtì ti gbẹ mọ́ irùngbọ̀n rẹ̀, ojú wá ń tì í bí ọmọ Primary Four tí wọ́n ká mọ́bi tó ti ń jẹun ní kíláàsì. Ó tọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wò kó tó tú u sílẹ̀.

"Reluctant ni. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ láti ṣe nǹkan. Ọ̀rọ̀ tòní nìyẹn."

Ibi tí ìtàn wọn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. JSS Two ni Sàhéèdì wà ní Ìwó nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ló bá gba ìdí iṣẹ́ lọ. Kò ka Gẹ̀ẹ́sì sí nǹkan bàbàrà títí di ọjọ́ kan ní Ìbàfò, tí ìyá onílé kan ń fi Gẹ̀ẹ́sì bá a sọ̀rọ̀ níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. Òun náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń dáhùn "yes ma, thank you ma." Àṣé bíbú ni ìyá náà ń bú u láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọjọ́ yẹn ló ra díkíṣọ́nárì àlòkù lẹ́bàá títì. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ kan lójúmọ́. Ẹ̀yìn táìsì àkọ́kọ́ tó bá fẹ́ lẹ̀ láàárọ̀ ló máa ń kọ ọ́ sí, ó sì gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí sìmẹ́ǹtì bá ti gbá a mú, kò ní lè kúrò lórí òun mọ́. Báyìí, àìmọye pálọ̀ ló wà láàárín Mowe àti Asese tí onílé ń rìn lórí Gẹ̀ẹ́sì tí kò sì mọ̀.

Salmah rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ tán. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín yẹ̀yẹ́, Sàhéèdì sì mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ dáadáa. Ó ti gbọ́ oríṣi ẹ̀rín méjèèjì rí.

Lọ́jọ́ kejì, Salmah tún wá. Ó ní ìwé kan lòun gbàgbé. Lọ́jọ́ kẹta, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ parọ́ ìwé mọ́.

"Kí ni ọ̀rọ̀ tòní, ọ̀gá onítáìsì?"

"Abundance, Tíṣà mi."

"Ẹ fi ṣe sẹ́ńtẹ́ǹsì fún mi."

Sàhéèdì ronú, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn. "There is abundance of happiness when you come."

Salmah tún un ṣe díẹ̀ fún un, ó kọrí sí géètì, kò sì jẹ́ kó rí ojú òun.

Kó tó di pé ilé-ìwé wọlé, ìfẹ́ ti wọ àárín wọn. Bí Sàhéèdì bá ti kọ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn táìsì, á ya fọ́tò rẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí Salmah lórí WhatsApp, kó tó lẹ̀ ẹ́. Salmah á fi ọ̀rọ̀ náà ṣe sẹ́ńtẹ́ǹsì padà fún un. Sàhéèdì á jókòó lórí báàgì sìmẹ́ǹtì, á ka sẹ́ńtẹ́ǹsì náà bí ìgbà mẹ́wàá. Àbáyọ̀mí, púlọ́ńbà tí wọ́n jọ máa ń ríṣẹ́ pọ̀, á ní, "Ó yá, sẹ́ńtẹ́ǹsì ti yó ọ. Jẹ́ ká ṣiṣẹ́."

Ọjọ́ tí Sàhéèdì la ẹnu sọ ọ́ pé òun fẹ́ gbé e níyàwó, abẹ́ àtíbàbà oníkókó àti àkàrà kan ní Mowe ni wọ́n wà. Ojú Salmah kọ́kọ́ tàn. Lẹ́yìn náà ló ṣú.

"Ìfẹ́ mi, èmi ti gbà. Bàbá mi ni wàhálà."

"Nítorí pé onítáìsì ni mí?"

"Rárá o. Bàbá mi ò ka iṣẹ́ sí ẹ̀gàn. Òyìnbó ni wàhálà ẹ̀."

Alhaji Àbúbákr, bàbá Salmah, fi ọdún márùndínlógójì kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì kó tó fẹ̀yìn tì sílé rẹ̀ ní Ìfọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá àgbà ilé-ìwé girama. Títí dòní, Principal ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Òfin kan sì wà nílé rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lè yí. Ọkùnrin tó bá wá tọrọ ọmọ rẹ̀, àga kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí yóò jókòó sí. Gẹ̀ẹ́sì ni Alhaji yóò fi bá a sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni òun náà yóò fi dáhùn. Wọn ò ní fún un lómi mu títí Alhaji yóò fi sọ pé, "Give him water." Bí omi bá ti dé, ó ti rí ìyàwó. Méjì ti wá nítorí Salmah tí wọ́n fi ọ̀fun gbígbẹ lọ sílé. Ọ̀kan nínú wọn kọ lẹ́tà ìfẹ́, Alhaji fi báírò pupa máàkì rẹ̀, ó fún un ní mẹ́rin nínú mẹ́wàá, ó sì dá a padà.

Sàhéèdì gbé ife kókó rẹ̀ sílẹ̀. Kò lè mu ún mọ́.

"Fún mi lóṣù mẹ́fà," ló wí.

Oṣù mẹ́fà náà kì í ṣe eré. Ọ̀rọ̀ kan lójúmọ́ di márùn-ún. Á máa kà wọ́n bó bá ń po sìmẹ́ǹtì, á máa kà wọ́n nínú mọ́tò Ìbàfò, á bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń kà wọ́n lórí ìkírun, á sì tún ìrun náà kí. Oorun rẹ̀ fẹ́lẹ́. Á lálàá pé òun wà lórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ á sì máa dà nù lẹ́nu rẹ̀ bí iyanrìn gbígbẹ. Ìyá rẹ̀ pè láti Ìwó, ó ní, "Sàhéèdì, ohùn rẹ ti yí padà. Ṣé ara le?" Ó ní ara le, ìyá kò sì gbà á gbọ́.

Ìrètí nìkan ló ń tì í lọ. Ó ti gba yàrá kan àti pálọ̀ kan ní Mowe, ó sì ń fi àwọn táìsì tó ń ṣẹ́kù lóríṣiríṣi ilé lẹ ilẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Funfun wà níbẹ̀, eérú wà níbẹ̀, aláwọ̀ ewé wà níbẹ̀. Salmah ló máa gbé ibẹ̀. Kò gbé ẹnì kankan débẹ̀ lọ́kàn yàtọ̀ sí i.

Àmọ́ nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, Salmah bẹ̀rẹ̀ sí í sún ọjọ́ síwájú. Lọ́sẹ̀ yìí, á ní ara Bàbá ò yá. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, á ní àlejò wà nílé. Bó bá ti Ìfọ̀ dé lọ́jọ́ Ajé, ojú rẹ̀ á ti wú. Ọkàn Sàhéèdì ò balẹ̀ mọ́.

"Salmah, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ojú mi ló ń tì ẹ́?"

"Ojú rẹ kẹ̀? Olólùfẹ́ mi, má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Kí ló wá dé? Mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ tí orí mi fẹ́ bẹ́. Kí ló tún kù?"

Salmah bú sẹ́kún. "Kì í ṣe tìẹ rárá. Ohun tí wọ́n ní ká má sọ síta ni. Ṣáà fọkàn tán mi."

Sàhéèdì dì í mú, ó ní òun fọkàn tán an. Ṣùgbọ́n ìdààmú ti wọ inú rẹ̀, kò sì rí ibi tó máa gbà jáde.

Níkẹyìn, àbúrò Alhaji tó ń jẹ́ Ṣàmsúdéènì dá ọjọ́. Ó ní kí onítáìsì tí wọ́n ń sọ yìí wá lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn ìrun Àìlà, kí àwọn rí i. Ní Wednesday ọ̀sẹ̀ náà, Sàhéèdì ń ṣiṣẹ́ ní kíṣìnnì ilé kan ní Asese. Ó kọ "tenacious" sẹ́yìn táìsì: ẹni tó bá di nǹkan mú tí kì í jẹ́ kó bọ́. Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́. Salmah fèsì: "My love is tenacious." Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́.

Lọ́jọ́ Sunday, ó wọ mọ́tò Ọ̀fàdà ní Mowe, ó wọ òmíràn dé Pápáláńtò, ó wọ òmíràn dé Ìfọ̀. Ó ń ka àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà. Nígbà tó wọ pálọ̀ Alhaji, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Alhaji wà lórí àga rẹ̀, Alhaja Sùwéébátù aya rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Ṣàmsúdéènì lápá kejì. Salmah dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ó fọwọ́ méjèèjì di tiréè tí ife omi kan wà lórí rẹ̀.

"Sit down, young man," ni Alhaji wí. Sàhéèdì jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. "What do you do for a living?"

"I am a tiler, sir. I try to be meticulous."

Ṣàmsúdéènì gbójú sókè. Kò retí ìyẹn.

"And why my daughter?"

"Because she met me when I was ashamed, sir, and she did not add to it."

Alhaji mi orí rọra. Sàhéèdì rí i pé ojú rẹ̀ ti ń rọ̀, ọkàn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà gbọ́ pé yóò ṣeé ṣe.

"Good. Now listen to me," ni Alhaji wí. "Marriage is long. It will pull at you from every side. So a husband must be..."

Ó dúró.

"A husband must be..."

Fáànù ń yí lókè. Alhaji fi ìka gbá itan rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún gbá a. Ẹnu rẹ̀ là, kò sí ohun tó jáde. Alhaja Sùwéébátù dojú kọlẹ̀. Ṣàmsúdéènì ń wo fóònù rẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. Ife ń mì lórí tiréè Salmah, omi rẹ̀ ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìgbà náà lohun gbogbo yé Sàhéèdì. Ohun tí Salmah ń sunkún lé lórí nìyí. Ọ̀rọ̀ ti ń sá kúrò lẹ́nu ọkùnrin tó fi ọ̀rọ̀ jẹun láyé rẹ̀, gbogbo ilé sì ti mulẹ̀ láti fi pamọ́.

Ó sì mọ ọ̀rọ̀ náà. Bàbá ti júwe rẹ̀ tán. Ó wà lórí ahọ́n rẹ̀, ètè rẹ̀ tilẹ̀ ti fẹ́ gbé e. Bó bá sọ ọ́ báyìí, omi yóò dé. Ṣùgbọ́n ó wo òógùn tó yọ níwájú orí àgbàlagbà náà, ó sì rí ara rẹ̀ ní Ìbàfò, láàárín àwọn òṣìṣẹ́, tó ń rẹ́rìn-ín sí èébú. Kò lè ṣe irú rẹ̀ fún ẹnì kankan, kó tó wá kan bàbá Salmah nínú pálọ̀ ara rẹ̀, níwájú àbúrò rẹ̀.

Ó kúrò lórí àga, ó dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, ẹ forí jì mí. Òyìnbó yìí ti pọ̀ jù fún mi. Ìwé mi ò ju JSS Two lọ. Mi ò lè tẹ̀ síwájú mọ́, sà. Yorùbá ni mo lè fi bá yín sọ̀rọ̀."

Ṣàmsúdéènì ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

"Mo wí, àbí mi ò wí? Gbólóhùn méjì ló há sórí, ó ti tán! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má dá ara yín láàmú. Brother, máa lọ ilé, ó dàbọ̀."

Alhaji kàn ń wo Sàhéèdì, ó ń wo ẹnu rẹ̀. Sàhéèdì dìde, ó kí wọn, ó jáde. Kò wẹ̀yìn. Ó gbọ́ tí Salmah gbé tiréè sílẹ̀, ó sì gbọ́ tí Ṣàmsúdéènì ní kó má tẹ̀lé e. Ọ̀fun rẹ̀ gbẹ láti Ìfọ̀ títí dé Mowe.

Ọjọ́ mẹ́ta kọjá. Salmah kò pè. Sàhéèdì pè é, kò gbé e. Àbáyọ̀mí gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó káwọ́ lérí.

"O mọ ọ̀rọ̀ ọ̀hún, o wá sọ pé o ò mọ̀ ọ́n? Lẹ́yìn odindi oṣù mẹ́fà! Sàhéèdì, ṣé ara ẹ yá ṣá?"

"Mi ò lè sọ ọ́ ni."

Kò kábàámọ̀, ìyẹn ló tún ń bà á lẹ́rù jù. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá dá òun padà sórí àga yẹn, ohun kan náà lòun máa ṣe, òun á sì tún pàdánù Salmah.

Ní Thursday, kò lọ síbi iṣẹ́. Ó jókòó sílẹ̀ nínú pálọ̀ rẹ̀ ní Mowe. Táìsì kan péré ló kù kí ilẹ̀ náà parí, lẹ́nu ọ̀nà gan-an. Ó ti po sìmẹ́ǹtì. Ó mú pẹ́ńsù, kò rí ọ̀rọ̀ kankan kọ. Ta ló ń lẹ̀ ẹ́ fún?

Mọ́tò kan fọn fèrè níta. Nígbà tó gbójú sókè, Alhaji Àbúbákr ló dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá ìtìlẹ̀, Salmah di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú.

"Onítáìsì," ni Alhaji pè é.

Sàhéèdì ti fẹ́ dọ̀bálẹ̀ sínú sìmẹ́ǹtì.

"Má bínú, orúkọ rẹ ló bọ́ lọ́wọ́ mi," ni Alhaji wí, Yorùbá ló sì fi wí i. "Ọ̀rọ̀ tí mo ń wá lọ́jọ́ Sunday, ṣé o mọ̀ ọ́n?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, sà."

"Má parọ́ fún mi. Mo fi ọdún márùndínlógójì wo ẹnu ọmọ ilé-ìwé. Mo mọ ẹnu ẹni tó mọ ìdáhùn. Salmah ló wá fi fọ́tò ẹ̀yìn táìsì tí o fi ránṣẹ́ sí i hàn mí láàárọ̀ yìí. Wednesday lo kọ ọ́. Kí ló dé tí o ò sọ ọ́?"

Sàhéèdì wo Salmah. Omijé ń bọ́ lójú Salmah, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ilé yín ni. Mi ò lè wá tọrọ ọmọ yín, kí n sì dójú tì yín."

Alhaji fara ti ògiri.

"Oṣù mẹ́wàá nìyí tí dókítà ní Abẹ́òkúta ti sọ fún wa pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ á máa bọ́ lẹ́nu mi. Gẹ̀ẹ́sì ló ń kọ́kọ́ lọ, mi ò mọ ohun tó kàn. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi. Bí mo bá dúró láàárín ọ̀rọ̀, àwọn kan nílé á yára sọ ọ́ fún mi, bí ẹni ń nu imú fún ọmọ ọwọ́. Àwọn yòókù á wolẹ̀. Ìwọ nìkan lo fi ara rẹ ṣubú kí n lè dúró. Ẹni tó lè ṣe ìyẹn fún ẹni tí kò mọ̀ rí, ó lè mú ọmọ mi dání lọ́jọ́ tí èmi ò bá mọ̀ ọ́n mọ́." Ó yíjú sí Salmah. "Give him water."

Salmah yọ ike omi kan nínú báàgì rẹ̀. Láti Ìfọ̀ ló ti gbé e. Sàhéèdì fi ọwọ́ sìmẹ́ǹtì gbà á, ó mu ún tán lẹ́ẹ̀kan náà. Alhamdulilahi nìkan ló lè sọ.

Alhaji rí táìsì tó kù nílẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé e fún òun, ó gba pẹ́ńsù, ó sì fi ọwọ́ tíṣà, ọwọ́ rírẹwà tó tẹ̀ síwájú díẹ̀, kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sẹ́yìn rẹ̀. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Sàhéèdì ti rò pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ Sunday ni yóò rí. Orúkọ Salmah ló rí.

"Èyí ni mi ò fẹ́ kó bọ́," ni Alhaji wí. "Lù ú dáadáa."

Sàhéèdì dà á délẹ̀, ó sì fi hámà lù ú, pá, pá.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni yìgì wọn, ní Ìfọ̀. Kó tó di ọjọ́ náà, ó ti tó ẹ̀ẹ̀mejì tí Alhaji fi orúkọ àbúrò rẹ̀ obìnrin pe Salmah, ẹ̀rù sì wà lójú gbogbo ẹbí, títí kan Ṣàmsúdéènì tí ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bàbá ló gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ ọmọ tó fẹ́ fi fún ọkọ.

"Alhaji," ni ààfáà wí, "ta ni ẹ fi fún Sàhéèdì?"

Alhaji la ẹnu. Ó dúró. Alhaja Sùwéébátù ti fẹ́ yọ́ ọ sọ sí i létí. Sàhéèdì rọra gbọ́wọ́ sókè pé kí wọ́n ṣe sùúrù. Òun náà kò la ẹnu. Ó kàn ń wo Bàbá, ó ń dúró dè é.

Alhaji gbé ọ̀pá rẹ̀. Ó fi gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, pá, pá.

"Salmah," ló wí.